Ọ̀yọ́-Ilé àti Àwọn Ìlú Ojú Ọ̀nà Òwò ní Òkè-Ògùn

Bí a bá dárúkọ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ogun àti oyè ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn: àwọn jagunjagun orí ẹṣin, Aláàfin nínú ààfin, àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ tí kì í kọ ẹ̀yìn sí ogun, àti Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà, tí ó lágbára débi pé wọ́n lè ní kí ọba ṣígbá wò. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn náà kò pé bí a bá yọ òwò kúrò nínú rẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n fi ń jagun kì í ṣe ẹran tí ó pọ̀ nílé wọn, owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ná ọjà kì í ṣe ohun tí omi wọn ń mú jáde, bẹ́ẹ̀ ni kánún tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ kò sí nínú ilẹ̀ wọn. Ọ̀nà jíjìn ni ó gbé gbogbo wọn wá. Ohun tí àlàyé yìí fẹ́ fi yéni ni bí ọ̀nà òwò ṣe sọ Ọ̀yọ́-Ilé di olú-ìlú ńlá, bí ó ṣe bọ́ Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho àti Ìṣẹ́yìn, ohun tí ó mú ọ̀nà náà yà kúrò níbẹ̀, àti ogún tí ó fi sílẹ̀ tí ó wà títí di òní.

Ìdí tí ọ̀nà fi gba Òkè-Ògùn kọjá

Òkè-Ògùn ni apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá wà lónìí, láti Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò títí dé Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, èyí ni pé koríko gíga ni ó bo ilẹ̀ náà, tí àwọn igi bí igi irú àti igi emi, tí a ń fún òrí láti ara èso rẹ̀, dúró káàkiri, tí àpáta ńláńlá sì yọrí láàárín wọn.

Irú ilẹ̀ yìí ni ìdí àkọ́kọ́ tí ọ̀nà òwò fi gba ibẹ̀. Nínú igbó kìjikìji tí ó wà ní gúúsù, eṣinṣin kan wà tí a ń pè ní tsetse, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń kó àrùn aṣekúpani ràn wọ́n, nítorí náà ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í pẹ́ láyé níbẹ̀. Eṣinṣin náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọ̀dàn, pàápàá jù lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tí ó mú kí ẹran arẹrù lè rìn kí ó sì rí koríko jẹ. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ọ̀dàn yìí kò dáwọ́ dúró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkun ní ilẹ̀ tí ó di Orílẹ̀-èdè Benin lónìí, tí ó fi jẹ́ pé ẹlẹ́ṣin lè ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun láìwọ igbó dúdú.

Ìdí kejì ni pé Òkè-Ògùn wà láàárín àwọn ilẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílò ohun tí èkejì ní. Ẹṣin, kánún, iyọ̀ àpáta, awọ, tìróò àti idà ń bọ̀ láti ilẹ̀ Tápà, ilẹ̀ Haúsá àti Bọ̀nú. Obì àti àwọn èso igbó mìíràn ń bọ̀ láti gúúsù. Aṣọ híhun ń ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tí ó sì di pé àwọn òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí etíkun, owó ẹyọ, ìbọn, tábà àti aṣọ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo àti láti Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá jókòó sí ibi tí gbogbo ẹrù wọ̀nyí ti ń pàdé ni ọjà ń ṣe lóore jù.

Ọ̀yọ́ méjì ni ó wà

Ó yẹ kí a ya Ọ̀yọ́ méjì sọ́tọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ìlú Ọ̀yọ́ tí Aláàfin wà lónìí náà ni olú-ìlú ìjọba ńlá àtijọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, wà ní àríwá pátápátá, kò jìnnà sí Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho. Ìlú náà ti di ahoro láti nǹkan bí ọdún 1836, ibi tí ó sì wà tẹ́lẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọ̀yọ́ tí ó wà lónìí jẹ́ ìlú tí Aláàfin Àtìbà sọ di olú-ìlú ní Àgọ́-Ọjà lẹ́yìn tí ìlú àtijọ́ ti tú.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fojú rí Ọ̀yọ́-Ilé kí ó tó tú tí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ni Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó wọ ìlú náà ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1826, nígbà ayé Aláàfin Májòtú. Ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ àwọn òkè àpáta ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, pé odi amọ̀ tí gíga rẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà ni ó yí i ká pẹ̀lú yàrà gbígbẹ, pé odi náà gùn tó máìlì 15 yípo, ó sì ní ẹnubodè mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọjà méje ni ó wà nínú ìlú, tí gbogbo wọn ń kún ní ìrọ̀lẹ́ láti nǹkan bí aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì ń ta iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrí, ẹ̀gúsí, ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ, aṣọ ilẹ̀ náà àti irin iṣẹ́ àgbẹ̀, pẹ̀lú kánún tí ó ti Bọ̀nú wá. Ìlú tí kì í bá ṣe ojú ọ̀nà kò ní nílò ẹnubodè mẹ́wàá, kò sì ní lè kún ọjà méje lójoojúmọ́.

Bí ẹrù ṣe ń rìn láti ìlú dé ìlú

Alájàpá ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ń ra ọjà ní ìlú kan láti lọ tà á ní ìlú mìíràn, kò sì sí alájàpá ọ̀nà jíjìn tí ń dá rìn, nítorí ewu àwọn ọlọ́ṣà àti àwọn ajínigbé. Ohun àkọ́kọ́ ni kí àwọn oníṣòwò kó ara wọn jọ di ọ̀wọ́, kí wọ́n sì dúró de ìgbà tí òjò bá ti dá, tí omi odò Ògùn àti ti àwọn odò kéékèèké bá ti fà tó láti là kọjá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni ìgbà ìrìn-àjò. Ọ̀wọ́ kan lè pọ̀ ju bí ẹni òde òní ti rò lọ: nígbà tí Clapperton dé Kaiama ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ó bá ọ̀wọ́ àwọn Haúsá kan pàdé tí wọ́n ń ti Gonja àti ilẹ̀ Àṣáńtì bọ̀ pẹ̀lú ẹrù obì, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ẹran arẹrù wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye wọn.

Ohun kejì ni ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọjà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí ó wọ Ọ̀yọ́-Ilé náà kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ dáadáa jù ni èyí tí Clapperton tọ̀, tí àwọn arìnrìn-àjò Richard àti John Lander sì tún tọ púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ọdún 1830. Láti Àgbádárìgì, ó gòkè gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí Ìjànà, ó gba àárín Òkè-Ògùn dé Ṣakí, ó yà wọ Ọ̀yọ́-Ilé, lẹ́yìn náà ó gba Kìṣí wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá ní Kaiama, ó sì dé Bussa ní etí odò Ọya kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ Tápà àti ilẹ̀ Haúsá. Clapperton lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ láti Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́-Ilé, méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá àìsàn lọ nínú ìrìn náà.

Ohun kẹta ni bodè. Bodè ni ẹnu ọ̀nà odi ìlú, níbi tí oníbodè ti ń dúró láti wo ẹni tí ń wọlé, kí ó sì gba owó lórí ẹrù tí ó gbé. Kì í ṣe ìlọ́nilọ́wọ́gbà lásán ni owó bodè. Ó jẹ́ owó ìlú, ẹni tí ó bá sì ti san án wà lábẹ́ ààbò ọba ìlú náà títí yóò fi jáde. Láti rí i pé owó yìí àti ìṣákọ́lẹ̀ dé ààfin, Aláàfin a máa fi ajẹ́lẹ̀, èyí ni aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, a sì máa rán àwọn ìlàrí, tí a fi irun orí wọn tí a fá lápá kan mọ̀, láti lọ máa jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kẹrin ni ibi ìsọ̀ àti ọjà. Àlejò oníṣòwò kì í gba ọjà lọ tààrà. Ilé baálé tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí, baálé náà ni yóò fún un ní yàrá, tí yóò bá a wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, tí yóò sì dúró fún un bí aáwọ̀ bá dé. Àwọn ìlú bíi Ṣakí àti Kìṣí ń ṣiṣẹ́ tí ìdíkọ̀ ń ṣe lóde òní, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá láti ìsàlẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e lọ sí òkè, tí ẹrù tí aláàárù fi orí rù la igbó kọjá sì lè di ti ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Owó ẹyọ àti ìṣirò rẹ̀

Owó tí wọ́n ń ná lójú ọ̀nà yìí ni owó ẹyọ, ìkarahun kékeré funfun tí ó ti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà wá, tí àwọn òyìnbó sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sin sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, èyí ni ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí ni ọ̀kẹ́ ẹyọ, 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù orí ọkùnrin kan. Èyí fi hàn ìdí tí oníṣòwò tí ó ta ọjà tán fi máa ń tètè fi owó rẹ̀ ra ọjà mìíràn, nítorí pé bí ó bá fẹ́ ru owó náà lọ sílé, èrè rẹ̀ ni yóò fi san owó aláàárù.

Àwọn ìlú tí ọ̀nà bọ́

Ìgbòho ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a mẹ́nu bà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn Tápà kógun lé Ọ̀yọ́-Ilé, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé Aláàfin Ofinràn kú nígbà tí ó ń darí bọ̀ wá sílé, àti pé ọmọ rẹ̀ ni ó tẹ Ìgbòho dó gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni ìtàn sọ pé wọ́n sin síbẹ̀, nínú ibi tí a ń pè ní Igbó Ọba, kí Aláàfin Abípa tó kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ìgbòho kò sì pàdánù iṣẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ̀rí èyí sì ni oyè Oníbodè tí ó ṣì wà nínú ìlú náà títí di òní, oyè tí iṣẹ́ ẹnu odi ni ó bí i.

Ṣakí, tí òkè Asabari dúró tì, ni ìlú tí ọ̀nà láti etíkun ti ń pàdé ọ̀nà ilẹ̀ Ìbàrìbá. Kìṣí ni ìlú Yorùbá tí èrò tí ń lọ sí Kaiama ń sùn sí gbẹ̀yìn kí wọ́n tó wọ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí èdè Yorùbá àti ti Ìbàrìbá fi jọ ń gbé ní agbègbè náà tipẹ́tipẹ́.

Ìṣẹ́yìn, ìlú Aṣẹ́yìn, ni ọ̀nà náà hàn sí lára jù, nítorí pé aṣọ òfì ibẹ̀ ń sọ ìtàn náà lọ́nà tí ojú lè rí. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn ahunṣọ kà sí aṣọ àtàtà. Ẹ̀tù ni aṣọ dúdú tí wọ́n fi aró pa láró léraléra. Sányán ni aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n hun láti inú òwú tí kòkòrò inú igbó fi ṣe ilé ara rẹ̀. Àlàárì ni aṣọ pupa, apá kan nínú òwú dídán tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́ sì ti etí Òkun Mẹditaréníà wá, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, ó dé Kánò, kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà Yorùbá. Bí a bá wo ahunṣọ kan nídìí òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìtẹsẹ̀ tí ń ya òwú sókè sódò, ọwọ́ rẹ̀ kan ń ju ọ̀kọ̀ gba àárín òwú náà, èkejì ń fi asà gbá a kí ó le, òwú tí ó ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀ sì gùn lọ títí dé ibi tí òkúta wúwo dì í mú. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ ni ó ń jáde. Wọn yóò ká a, wọn yóò sì tà á fún ẹni tí yóò rán an pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Aṣọ tí a lè ká báyìí rọrùn láti gbé rìnnà jíjìn, ó sì wà lára ohun tí ó mú un di ọjà alájàpá.

Nígbà tí ènìyàn di ọjà

Ìtàn ọ̀nà yìí kò ní jẹ́ òtítọ́ bí a bá fi apá kan rẹ̀ pa mọ́. Ọ̀nà tí ẹṣin àti aṣọ ń gbà náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí etíkun, Ọ̀yọ́ sì jèrè púpọ̀ nínú òwò náà, pàápàá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn, tí ó wà ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá àti àbúrò rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tí ó dàgbà, ó sọ pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, pé wọ́n sì fi òun pààrọ̀ ẹṣin kan níbẹ̀. Nígbà tí ẹṣin náà kò wu ẹni tí ó gbà á, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ náà padà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti fi í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọdún 1822, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì mú un lọ sí Freetown. Òun ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ní ọdún 1864, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ gba ọ̀nà náà lọ ni a kò mọ orúkọ wọn.

Bí ọ̀nà ṣe yà

Ọ̀yọ́-Ilé kò tú lọ́jọ́ kan. Ìjà láàárín Aláàfin àti àwọn ìjòyè, ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, ní Ìlọrin, agbára àwọn Fúlàní lẹ́yìn ogun jíhàádì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá ní 1804, àti bí Dàhómì ṣe kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́ ní nǹkan bí ọdún 1823, gbogbo rẹ̀ ni ó jọ dá a lẹ́sẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà fi kún un ni pé àríwá ni ẹṣin ti ń wá. Nígbà tí àríwá di ọ̀tá, ọ̀nà ẹṣin há, ogun ẹlẹ́ṣin sì di aláìlágbára. Aláàfin Olúewu, tí ó jẹ gbẹ̀yìn ní Ọ̀yọ́-Ilé, kú sínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ tí ó bá Ìlọrin jà, àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé sì túká lọ sí Kìṣí, Ìgbòho, Ṣakí, Ìlọrin àti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Síbẹ̀, kì í ṣe ogun nìkan ni ó mú kí Òkè-Ògùn dà bí ẹ̀yìn odi. Ní 1889 àti 1898, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà, ti 1898 sì pín ilẹ̀ Ìbàrìbá sí méjì, tí Nikki bọ́ sábẹ́ Faransé, tí Kaiama àti Bussa sì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣakí tí ó wà láàárín ọ̀nà di ìlú ẹnu ààlà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà reluwé dé: ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908, gbogbo rẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, láìfẹsẹ̀ kan Òkè-Ògùn. Ẹrù a máa tẹ̀lé ibi tí ọ̀nà bá ti yá jù.

Àwọn èrò tí ó yẹ kí a tún ṣe

Èrò àkọ́kọ́ tí kò tọ́ ni pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣàwárí ọ̀nà yìí. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là tẹ́lẹ̀ ni Clapperton tọ̀, àwọn ènìyàn Aláàfin ni wọ́n sìn ín, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n ru ẹrù rẹ̀, àwọn baálé ni wọ́n sì fún un nílé sùn. Èrò kejì ni pé ìgbà tí ọkọ̀ òyìnbó gúnlẹ̀ ni òwò bẹ̀rẹ̀. Òwò kánún, obì àti ẹṣin ti wà kí òwò etíkun tó dé, àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò sì ti ń wọ Ọ̀yọ́-Ilé àti Ìṣẹ́yìn ṣáájú ogun jíhàádì. Èrò kẹta, èyí tí ó ń ṣe àwọn ọmọ Òkè-Ògùn fúnra wọn níbi jù, ni pé agbègbè wọn jẹ́ oko tí ó jìnnà sí ìlú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìjìnnà náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ìgbà tí ààlà àti reluwé dé ni ó fìdí múlẹ̀. Ìlànà ìjọba ni ó dá a sílẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó kù àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Ogún tí ọ̀nà yìí fi sílẹ̀ kò kéré. Òrí tí Clapperton rí lọ́jà ní 1826 ṣì ń ti Ṣakí àti Kìṣí lọ sí àwọn ọjà ńlá, àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ṣì wà nídìí òfì, Igbó Ọba ṣì wà ní Ìgbòho, odi Ọ̀yọ́-Ilé tí ó ti wó sì ṣì hàn lábẹ́ koríko, pẹ̀lú àpáàdì tí ó fọ́n káàkiri ibi tí ilé wà rí. Frank Willett, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 1956 sí 1957, àwọn onímọ̀ mìíràn, tí Babátúndé Agbaje-Williams wà lára wọn, sì ti tẹ̀lé e. Láti ọdún 1995 ni orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún àjọ UNESCO láti gbà wọlé sí ogún àgbáyé, kò sì tíì kọjá ipò ìdábàá.

Bí a óò bá tọ́jú ogún yìí dáadáa, kì í ṣe odi ààfin nìkan ni ó yẹ kí a dá sí. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ògùn ya àwòrán ọ̀nà náà láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n gbé àmì sí ibi tí bodè, ọjà àti ibi ìsọ̀ wà rí, kí àwọn olùkọ́ máa fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé, kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ tán. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ìlú òun ni ilẹ̀ Haúsá àti etíkun ti ń pàdé rí kò ní fi ojú ẹ̀yìn odi wo ara rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé bí a bá tún ọ̀nà rere là dé Ṣakí àti Kìṣí, iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá òun mọ̀ dunjú ni a ń dá padà fún wọn.